Ìwé Sítóòfù Tí Bàbá Mi Ya

Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láyé ni Sátidé kan, nígbà ìjọba òyìnbó, tí Bàbá mi ra sítóòfù tuntun wá sílé wa ní Niger Street nílẹ̀ Haúsá. Èmi ni mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé, ni wọ́n bá ní kí n tú ìwé ìlò rẹ̀ sí Yorùbá. Mo kọ ọ́ bí tíṣà ṣe kọ́ wa, iṣẹ́ kan lórí ìlà kan, àmì ìdánudúró ní ìparí:

Ṣí ìdérí rẹ̀.
Rọ kẹrosíìnì sí i.
Ṣáná sí i.
Má rọ kẹrosíìnì sí i tó bá ń jó.

Ìlà kejì ni Bàbá kà dé tí ojú wọn fi le.

"Wúrà, èmi lo wá ń pàṣẹ fún bí ọmọ ọ̀dọ̀? Kò sí 'ẹ jọ̀wọ́' kankan níbẹ̀?"

Wọ́n ya ìwé tí mo kọ. Mo ní ó ku ìlà méjì, wọ́n ní kí n panu mọ́.

Wọ́n rọ kẹrosíìnì sí sítóòfù náà, wọ́n sì ṣáná. Nígbà tí iná ń rẹlẹ̀, wọ́n tún rọ kẹrosíìnì sí i. Iná bú jáde, ó sì jó apá Màámi tó jókòó tì í.

Bí àwọn aládùúgbò ṣe ń kí Màámi ní "sannu, sannu", ìyẹn pẹ̀lẹ́ lédè Haúsá, Bàbá mi kọjú sí wọn.

"Gẹ̀ẹ́sì ìwé náà ni kò yé Wúrà," ni Bàbá wí.

Ọmọ kì í já bàbá rẹ̀ nírọ́. Mo kúnlẹ̀ lórí ìwé yíya náà, mo sì tọrọ àforíjì lórí ohun tí mo kọ dáadáa.