Ọta Tó Kù Nínú Ìbọn Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni mí, olùkọ́ tó tún mọ ìbọn tún ṣe, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbé ìbọn ọdẹ rẹ̀ wá láti Kétu sí ilé mi ní Akpakpa, kí n bá a pààrọ̀ sípíríǹgì kékeré kan tó ti kú. Mo tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, mo sì fẹ́ kọ́kọ́ yẹ inú ìbọn náà wò.

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. "Mo ní kò sí ọta níbẹ̀! Olùkọ́, ṣé èmi náà ti di ọmọ iléèwé rẹ ni?"

Ojú tì mí. A kì í pe ẹ̀gbọ́n ẹni ní onírọ́. Mo mú irinṣẹ́ láì wo inú ìbọn. Àfi bí mo ṣe gbọ́ tí ìyàwó mi ń lọ ata lẹ́yìn ògiri tí ẹnu ìbọn náà kọjú sí. Mo gbé irinṣẹ́ náà sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mo máa wò ó."

Mo rọra fa irin ìdí ìbọn náà sẹ́yìn. Ọta kan já bọ́ sórí aṣọ funfun.

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó. Ìyàwó mi ṣì ń lọ ata rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n: bí àgbà tilẹ̀ búra pé kò sí ọta nínú ìbọn, ẹ fi ojú ara yín wò ó. Kì í ṣe àrífín.