Ìdọ̀tí Tí Wọ́n Fi Ọkọ̀ Kó Padà

Ayàwòrán oníkámẹ́rà ni, ṣùgbọ́n Ojú Àṣá ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí kò sóhun tó ń fara pamọ́ fún un. Iléeṣẹ́ ìwádìí àgbáyé kan ló ń bá ṣiṣẹ́, àwọn tó ń wádìí bí omi, ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ṣe ń bàjẹ́, tí wọ́n sì ń gba ìjọba nímọ̀ràn lórí ìdàgbàsókè tó máa tọ́jọ́. Òun ló ya gbogbo àwòrán ara ògiri wọn: ẹja tó kú, igbó tó jóná, ilẹ̀ tó sán. Ó gbà pé bí ayé bá rí ẹ̀gbin, ayé á wá omi fọ̀ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ aránṣọ, ń gbé létí odò kékeré kan tí ìdọ̀tí ti dí pa. Àwòrán odò yìí tí àbúrò rẹ̀ yà ló wọ àwọn olówó òkè òkun lójú. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá fojú ara àwọn rí i kí àwọn tó ṣèrànwọ́.

Àmọ́ ìdúró ti sú àwọn ará àdúgbò. Aránṣọ kó obìnrin jọ, àwọn ọkùnrin gbé ṣọ́bìrì, wọ́n bọ́ sínú odò. Ọ̀rá, táyà, mátírẹ́ẹ̀sì tó ti jẹrà, wọ́n wọ́ gbogbo rẹ̀ jáde.

"Àbúrò mi, wá wo omi wa! Ó ń ṣàn!" Bó ṣe ń pariwo lórí fóònù nìyẹn.

Inú Ojú Àṣá dùn débi pé ó sáré lọ bá ọ̀gá rẹ̀ obìnrin tó ń bójú tó ìròyìn. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín.

"Wọ́n ti kó o kúrò? Nígbà tí àlejò ń bọ̀ lọ́la?"

"Ẹ jẹ́ ká fi hàn wọ́n pé àwọn èèyàn ṣe é fúnra wọn, mà."

"Ta ló ń ra oògùn fún ẹni tára ẹ̀ ti yá?"

Ojú Àṣá rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Nígbà tó dé etí odò láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ̀ iléeṣẹ́, èyí tí wọ́n ya ewé tútù sí lára, ti kẹ̀yìn sódò, ó ń da ìdọ̀tí sínú omi gbuu. Òórùn náà gbá a lójú bí ìgbátí.

Ọ̀gá fi aṣọ ìnujú dí imú. "Ṣe kíá, kí àlejò tó dé. Yà á láti apá ibí."

Aránṣọ dúró lókè odò, ó káwọ́ lérí. "Ṣé ìwọ lo sọ fún wọn pé a ti tún un ṣe?"

Ojú Àṣá bọ́ kámẹ́rà kúrò lọ́rùn, ó gbé e lé ọ̀gá lọ́wọ́, ó ká ṣòkòtò sókè, ó wọnú odò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kó ẹ̀gbin.

Ibẹ̀ ni àwọn àlejò bá a. Wọ́n yọ fóònù, wọ́n ń yà á ṣá.

"Iléeṣẹ́ wa ló dà á síbí! Láàárọ̀ yìí ni!" ló ń ké ní Yorùbá, èdè tí wọn ò gbọ́.

Ọ̀gá bá wọn fi èdè wọn sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìyá àgbàlagbà kan láàárín wọn nu omijé, ó mi orí sí i, bí èèyàn ṣe ń mi orí sí aláìsàn. Owó ìrànwọ́ náà sì jáde.

Ojú Àṣá ò padà síléeṣẹ́ náà mọ́. Àwòrán ìgbéyàwó àti ti ọmọ tuntun ló kù tó ń yà báyìí. Àwọn ará àdúgbò tún kó ìdọ̀tí inú odò náà, ó ti ń ṣàn. Nígbà tí kàlẹ́ńdà iléeṣẹ́ jáde, Ojú Àṣá gan-an ló wà níwájú ẹ̀, nínú ẹrẹ̀, tó lanu. Aránṣọ gba ọ̀kan, ó fi gé àwòṣe apá bùbá.

"Bébà ẹ̀ nípọn dáadáa," ló wí.

Àbúrò rẹ̀ tutọ́ sílẹ̀, kò wo kàlẹ́ńdà náà lẹ́ẹ̀mejì.