Èèpo Hóró Nínú Fìlà Bàbá Zakhar

Lọ́jọ́ tí Bàbá Zakhar da èèpo hóró òdòdó oòrùn sórí tábìlì ọ̀gá èbúté ní Odesa, gbogbo ọ́fíìsì rò pé orí rẹ̀ ti yí.

Ẹ̀ńjìnnì iná tó ń fa ẹrù sókè lára kíréènì kejì ti jó lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù kan. Ọ̀gá Borys ní Nonna, obìnrin tó ń wa kíréènì náà, ló ń fọwọ́ líle bà á jẹ́, ó sì ti kọ lẹ́tà tó máa fi lé e lọ. Iṣẹ́ yẹn nìkan ni Nonna fi ń tọ́ ọmọ méjì. Wọ́n ránṣẹ́ pe Bàbá Zakhar, tó máa ń bá wọn yan ẹ̀ńjìnnì, pé kó wá yan èyí tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Kò yan nǹkan kan. Ó gbé àpótí sábẹ́ kíréènì, ó jókòó. Ìgbàkígbà tí ẹ̀ńjìnnì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí, á fi eyín la hóró oníyọ̀ kan, á kó èèpo rẹ̀ sínú fìlà. Ọ̀gá Borys bi í bóyá oúnjẹ ló wá jẹ. Ó mi orí, ó la òmíràn.

Lẹ́yìn wákàtí méjì ló lọ da fìlà náà sórí tábìlì. Ọ̀gá Borys kà á títí, ó ní ẹgbẹ̀ta ni.

“Pín in sí méjì. Hóró kan, èèpo méjì. Ìgbà ọ̀ọ́dúnrún ni ẹ̀ńjìnnì yẹn dìde láàárín wákàtí méjì, bí ìyá ọmọ tuntun. Ẹ̀ńjìnnì ẹ̀rọ omi lẹ sì gbé síbẹ̀, èyí tí wọ́n ń tàn lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀ tó ń yí títí dalẹ́. Èyí tó lè fara da ìdìde léraléra la máa rà. Kò dìgbà tó bá tóbi.”

Ọ̀gá Borys ní báwo lòun ṣe fẹ́ mọ̀ pé kò fi ọ̀kánjúwà jẹ lára hóró náà. Bàbá Zakhar na ètè rẹ̀ tí iyọ̀ ti mú wú sí i.

“Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún àkọ́kọ́, Borys, kò sí ẹni tó ń jẹ ẹ́ fún adùn.”

Ẹ̀ńjìnnì tó yàn kéré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò sì jó. Ọ̀gá Borys fúnra rẹ̀ ló fa lẹ́tà náà ya.

Nílé, àjà kẹfà ni Bàbá Zakhar ń gbé, ẹsẹ̀ ló sì fi ń gun àtẹ̀gùn. Ó ní òun ti rí ẹ̀ńjìnnì tí wọ́n yàn fún líìfù tó ń gbéni ròkè nínú ilé náà, òun kò fẹ́ wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tó máa kú. Nígbà tó sọ fún ìyàwó rẹ̀, Feodosia, pé bó ṣe ń pe òun léraléra yìí, ká ní ẹ̀ńjìnnì lòun, òun ì bá ti jó, ìyẹn ní ẹ̀ńjìnnì kì í béèrè ọbẹ̀. Ó dìde.

Lọ́jọ́ tí wọ́n sin Bàbá Zakhar, bí wọ́n ṣe ń sọ ìtàn rẹ̀, ibi oúnjẹ ìsìnkú kún fún ẹ̀rín. Nonna náà rẹ́rìn-ín títí, kó tó fi ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀.

“Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti wà nínú kíréènì lókè yẹn,” ló wí. “Gbogbo ọ̀gá ló ń béèrè bí ẹrù ṣe wúwo tó. Bàbá nìkan ló jókòó wo bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́.”

Feodosia sún mọ́ ọn lórí bẹ́ńṣì, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.