Bíríkìlà Tó Ń Mọ Ẹyẹ Tí A Kò Rí Mọ́

Aago méje ààbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ni mo tẹ̀lé bàbá bíríkìlà kan wọ oko wọn lẹ́yìn Moniya, n'Íbàdàn. Níbẹ̀, sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi mọ àwọn ère ẹyẹ tí a kò rí lágbègbè wa mọ́. Níwájú ère àkàlà, wọ́n fọwọ́ kan orí rẹ̀: "Èmi ni mo yìnbọn pa èyí. Mi ò mọ̀ pé kò sí òmíràn."

Wọn kì í mọ ẹyẹ kankan láìkọ́kọ́ bi àlejò bóyá ó ṣì rí i; tí àlejò bá ti rí i, wọn kì í mọ ọ́n. Lọ́jọ́ yẹn, ó kan igún.

"Akọ̀wé, ìwọ tó ń gba ọ̀nà ilé ìpẹran, ṣé o rí igún lọ́dún yìí?"

"Bàbá, mo rí ẹyẹ dúdú kan lókè, ṣùgbọ́n ó jìnnà. Mi ò lè búra pé igún ni."

"Wàláhì, ìwé ti bà ẹ́ jẹ́! Ṣáà sọ pé o rí i."

Mi ò sọ ọ́. Wọ́n wá bu omi sí sìmẹ́ńtì.

Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá igún ni ẹyẹ tí mo rí. Ohun tí mo fojú ara mi rí ni pé Bàbá mọ ọrùn ère igún náà tán, wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, sìmẹ́ńtì sì kù sí wọn lẹ́ẹ̀kẹ́.