Ife Ẹ̀yẹ Táyé àti Kẹ́hìndé

Òórùn káńfọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn ní yàrá ẹ̀yìn ilé tí mo gbé ní Èrúwà, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́. Ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ni mo ti gba yàrá. Opó ni wọ́n, àwọn ọmọ wọn sì ti tú ká sí Ìbàdàn àti Èkó. Táyé ni wọ́n, ṣùgbọ́n Ìyá Nọ́ọ̀sì ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Rákẹ́ẹ̀tì onígi kan wà lára ògiri yàrá ẹ̀yìn yẹn, tí wọ́n fi pákó há mọ́ kó má baà wọ́. Ife ẹ̀yẹ kan tó ti dúdú wà lábẹ́ rẹ̀, lórí àpótí tí wọ́n ká síkẹ́ẹ̀tì funfun sí. Bí mo bá ti iléèwé dé lọ́sàn-án, mo máa ń lọ dúró síbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ á gba ojú wíńdò wọlé, eruku á máa fò nínú rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, á sì dà bí ẹni pé mo ti wà láyé kí wọ́n tó bí mi.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Èmi tí mo rò pé inú tẹlifíṣọ̀n nìkan ni wọ́n ti ń gbá tẹníìsì, ẹnu Ìyá Nọ́ọ̀sì ni mo ti gbọ́ ti Igbó-Ọrà, níbi tí wọ́n ti bí àwọn àti ìkejì wọn. Àwọn dókítà tó wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tẹ́ ilẹ̀ pupa kan pẹrẹsẹ, wọ́n fi ẹfun fa ìlà sí i, wọ́n sì ta nẹ́ẹ̀tì sáàárín. Àwọn ìbejì náà ń lọ wòran títí wọ́n fi fún wọn ní rákẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Táyé á dúró síwájú nídìí nẹ́ẹ̀tì, Kẹ́hìndé á wà lẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wá sáyé. Wọ́n gbá a dé Ìbàdàn, wọ́n na àwọn obìnrin tó dàgbà jù wọ́n lọ, wọ́n sì gba ife. Àdéhùn wọn ni pé kí ife náà máa lọ kó máa bọ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí Táyé ń relé ọkọ ní Èrúwà, ó gbé e dání láìsọ fún ìkejì rẹ̀. Kẹ́hìndé, tí wọ́n fẹ́ sí Ayétẹ̀, ránṣẹ́ títí, kò rí èsì. Bí àwọn ọmọ ìyá kan ṣe yan ara wọn lódì nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, bàbá kan pè láti Ìbàdàn. Wọ́n ní àwọn ń kó ohun ìrántí tẹníìsì ilẹ̀ Nàìjíríà jọ sí yàrá kan nílé àwọn: rákẹ́ẹ̀tì, fọ́tò, bọ́ọ̀lù tó ti pá lórí. Wọ́n ti gbọ́ nípa àwọn ìbejì Igbó-Ọrà, ṣùgbọ́n àlọ́ ni àwọn èèyàn ń pè é. Bí ife àti rákẹ́ẹ̀tì méjèèjì bá wà lójú kan, ta ni yóò tún jiyàn? Bí wọn ò bá sì pé, àlọ́ náà ni yóò máa jẹ́ lọ. Ìyá Nọ́ọ̀sì gbé fóònù sílẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú ni wọ́n ní kí n lọ bá ìkejì àwọn ní Ayétẹ̀, kí n bá àwọn tọrọ rákẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Mo gbà tayọ̀tayọ̀. Ṣebí mo ti kàwé ní yunifásítì, kí ló kù tí ẹnu mi ò lè parí? Láti Igbó-Ọrà dé Ìdèrè, mo ń to gbólóhùn jọ nínú takisí bí oníwàásù. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí, tí Ìyá Kẹ́hìndé, ìkejì wọn, gbójú sókè nínú èéfín, gbogbo rẹ̀ fò lọ, nítorí ojú tí mo fi sílẹ̀ ní Èrúwà náà ló tún ń wò mí. Mo ṣáà rojọ́. Wọ́n gbọ́ mi dópin.

“Ìwọ ni wọ́n rán,” ni wọ́n wí. “Ẹsẹ̀ ń dun Táyé ni?”

Mo ní rárá.

“Sọ fún un pé mo kí i. Ibi tí mo dúró sí náà ni mo ṣì wà.”

Wọ́n di gàrí fún mi dípò rákẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì sìn mí dé ibùdókọ̀. Mo jíṣẹ́ náà bó ṣe rí. Ìyá Nọ́ọ̀sì ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bá wọn níta tí wọ́n ń fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ife náà, wọ́n fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán. Wọ́n fi aṣọ dì í, mo gbé rákẹ́ẹ̀tì ara ògiri dání, a sì jọ wọkọ̀.

Ẹnu ọ̀nà ni Ìyá Kẹ́hìndé wà nígbà tí a dé. Ìyá Nọ́ọ̀sì, tó máa ń bá gbogbo ayé jiyàn pé ẹni tó kọ́kọ́ rí oòrùn ni ẹ̀gbọ́n, gbé ife náà sílẹ̀, wọ́n sì kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú.”

Ìyá Kẹ́hìndé yíjú sí ilẹ̀kùn. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n fẹ́ wọlé tilẹ̀kùn.

“Dìde,” ni wọ́n wí. “Orúnkún yẹn ò dáa láti ọjọ́ tí a gbá ti Ìbàdàn.”

Wọ́n fa Ìyá Nọ́ọ̀sì dìde, wọ́n wọlé lọ, wọ́n sì gbé rákẹ́ẹ̀tì kan jáde tí okùn rẹ̀ ti já. Wọ́n ní kí n pe bàbá Ìbàdàn. Bàbá náà ní àwọn ń bọ̀ kíá. Bí a ṣe ń retí wọn, àwọn ìyá méjèèjì sùn lọ lórí ẹní kan lábẹ́ igi máńgòrò. Nígbà tí bàbá náà dé, wọ́n wo àwọn tó sùn, wọ́n wo ife, wọ́n sì rọra jókòó tì mí. Kò sẹ́ni tó fẹ́ da oorun wọn rú.

Nígbà tó yá, àwọn méjèèjì kúrò láyé, ìkejì ò sì pẹ́ lẹ́yìn èkínní. Ife àti rákẹ́ẹ̀tì méjèèjì wà ní Ìbàdàn nínú gíláàsì. Àwọn ọmọ iléèwé ń wá wò ó, wọn ò sì pè é ní àlọ́ mọ́. Èmi náà ti di ẹni tí wọ́n ń kúnlẹ̀ kí, mo sì ti mọ̀ pé ìwàásù mi kọ́ ló ṣe é. Bí mo bá dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án, tí ilé pa rọ́rọ́, abẹ́ igi yẹn ni ọkàn mi máa ń lọ, níbi tí mo ti jókòó tí mo ń gbọ́ bí àwọn ìyá náà ṣe ń mí: bí ọ̀kan bá mí sínú, èkejì á mí síta.