Òfin Méjì fún Ìjọ Kan

Nígbà tí òmìnira ń bọ̀, a kì í jẹun nílé wa ní Odigbó kí ọ̀rọ̀ ìjọba má dá a rú. Bàbá mi, tó dá ilé àdúrà wa sílẹ̀, ní kí Ìbàdàn máa ṣàkóso ìhà tiwa, pé ará Èkó kò mọ oko kòkó yàtọ̀ sí igbó. Ọkọ mi ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: bí Èkó kò bá lágbára lórí gbogbo wa, kálukú á gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Bí mo bá fara mọ́ ọ̀kan, èkejì á bínú. Mo kọ́ bí a ṣe ń dákẹ́.

Ìgbà tí ìjọ fẹ́ kọ òfin tirẹ̀ ni àwọn méjèèjì pààrọ̀ ẹnu. Odigbó la ń gbé, ṣùgbọ́n ọkọ mi ni olùdarí ẹ̀ka wa ní Omifunfun. Bàbá ní abẹ́ Odigbó ni gbogbo ẹ̀ka gbọ́dọ̀ wà. Ẹni tó bá yà kúrò kò gbọdọ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà òun mọ́. Ọkọ mi ní òun yóò yà, ìyàwó òun yóò sì bá òun lọ. Wọn kò bi ìyàwó. Ìyá mi sì wà lórí àìsàn nínú ilé bàbá mi, èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́.

Aríran ni mí. Nínú ìjọ wa, bí ọ̀rọ̀ bá ti dojú rú, aríran ni wọ́n ń gbé síwájú pẹpẹ kí Ẹ̀mí lè dá ẹjọ́. Bàbá ti pè mí sẹ́yìn ilé, ó ní òun mọ ohun tí Ẹ̀mí yóò sọ. Ọkọ mi náà ní òun mọ̀ ọ́n, tirẹ̀ sì yàtọ̀. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, mo kúnlẹ̀ nínú aṣọ funfun mi, mo gbàdúrà títí orúnkún fi kú. N kò rí nǹkan kan. Inú bí mi gan-an.

"Ẹ̀mí ò sọ̀rọ̀," ni mo wí. "Èmi ni mò ń sọ̀rọ̀. Bàbá, ẹ ò fẹ́ kí Èkó jọba lórí Ìbàdàn, ẹ sì fẹ́ jọba lórí Omifunfun. Ẹ̀yin náà, ọkọ mi, ẹ fẹ́ kí gbogbo Nàìjíríà ní olórí kan, àfi Omifunfun nìkan. Ẹ wá ibì kan dúró sí, kí èmi náà lè ríbi dúró."

Mo dìde kúrò níwájú pẹpẹ.

Ìjọ pín. Ọkọ mi mú mi lọ sí Omifunfun. Ẹlòmíràn ló wẹ ìyá mi títí ó fi kú.

Odigbó kọ òfin tirẹ̀, Omifunfun náà kọ tirẹ̀. Mo ka méjèèjì. Wọn kò bára mu níbì kankan, àfi ní gbólóhùn kan: obìnrin aríran kò gbọdọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ àkóso ìjọ.