Òkú Inú Ìwé Ìgbéyàwó

Òórùn káfúrà ló máa ń kọ́kọ́ pàdé mi ní pálọ̀ àna mi ní Longbridge, ní Lọ́ńdọ̀nù, kí n tó rí àga, kí n tó rí ẹ̀rín rẹ̀ pàápàá. Ó máa ń fi káfúrà sáàárín àwọn ìwé àtijọ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ṣe ń fi í sáàárín aṣọ nínú àpótí, kí kòkòrò má baà jẹ wọ́n. Títí di òní, níbi tó wù kí n ti gbọ́ òórùn yẹn, ọwọ́ mi méjèèjì á tutù. Kì í ṣe pé obìnrin náà ṣe mí níbi o. Oore tó ṣe mí kò kéré. Ṣùgbọ́n inú yàrá yẹn ni mo ti fojú ara mi kà á pé mo ti kú.

Ọmọkùnrin rẹ̀ ló fẹ́ fẹ́ ọmọ mi, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí. Agbẹ̀bí ni àna mi kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Iṣẹ́ tó wá gbé dání lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì ni wíwá àwọn baba ńlá kiri nínú ìwé. Ó lè jókòó sí ilé ìkàwé láti àárọ̀ títí wọ́n á fi ní àwọn fẹ́ tilẹ̀kùn. Ó ti rí bàbá bàbá rẹ̀ nínú ìwé ìkànìyàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ ojú omi ni bàbá náà, èédú ló ń kó sí iná ọkọ̀. Ọkọ̀ wọn gúnlẹ̀ síhìn-ín, wọ́n sì ń ka èèyàn lákòókò náà, ni wọ́n bá ka òun náà mọ́ àwọn tó sùn sí ilé àlejò kan lẹ́bàá odò. Ìlà kan péré ni, orúkọ, ọjọ́ orí, iṣẹ́, Èkó. Nígbà tó ń fi hàn mí, ó fi ìka rẹ̀ kan ìlà yẹn jẹ́jẹ́, bí ẹni ń fọwọ́ kan àtàrí ọmọ tuntun.

Ó fẹ́ ṣe ìwé pẹlẹbẹ kan fún ọjọ́ ìgbéyàwó, tí àwọn ìdílé méjèèjì á wà nínú rẹ̀, ìran mẹ́rin ní apá ọkọ, ìran mẹ́rin ní apá ìyàwó. Ó ní láyé àtijọ́, kí wọ́n tó fọmọ fún ara wọn, wọ́n á kọ́kọ́ rán èèyàn lọ ṣèwádìí irú ìdílé tó jẹ́. Ó ní ní Lọ́ńdọ̀nù níbí kò sí ẹni tí à ń rán, àwọn ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ìkànìyàn ni òun ń rán ara òun sí. Ó ṣí ìwé kíkọ rẹ̀, ó sì bi mí ní orúkọ ọkọ mi, orúkọ bàbá rẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀, àti ìlú wọn.

Ọmọ mi jókòó tì mí, ó ń jẹ ṣinṣín. Orúkọ bàbá rẹ̀ wà nínú ìwé ìbí rẹ̀, nítorí náà mi ò lè dá orúkọ mìíràn sílẹ̀. Mo dá a lóhùn gbogbo ohun tó bi mí, mo sì fi ọ̀rọ̀ tí mo ti ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́ kún un.

"Ó ti kú, mà. Ó ti pẹ́."

Ó bá mi kẹ́dùn. Lẹ́yìn náà ló ní kí n má ṣe ìyọnu, òun á wá ìwé ìgbéyàwó wa, òun á sì wá ìwé ikú rẹ̀ náà, kí ọdún tí a máa kọ má baà ṣì.

Ọkùnrin náà kò kú. Mo sá fún un ni. Mi ò ní kọ gbogbo ohun tó ṣe síbí. Etí mi òsì kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, ìyẹn ti tó. Apá gúúsù odò Thames la ń gbé nígbà náà. Ọmọ mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo dúró kí ọkùnrin náà jáde lọ síbi iṣẹ́, tí mo pọn ọmọ, tí mo gbé báàgì kan, tí arábìnrin kan láti ìjọ wá fi ọkọ̀ gbé wa. Castle Green ní Barking ló gbé wa wá, lẹ́bàá òpópónà A13, níbi tí ariwo àwọn tírélà kì í ti í dákẹ́. Mo fẹ́ràn ariwo yẹn, nítorí kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ẹkún ọmọ nínú rẹ̀. Orúkọ bàbá ìyá mi ni mo ń jẹ́ láti ìgbà náà. Níbi iṣẹ́ mi, níbi tí a ti ń fọ aṣọ ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, orúkọ yẹn ni wọ́n mọ̀. Ìjọ aláṣọ funfun ni mo ń lọ, mo sì gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé kì í ṣe àdúrà nìkan ló gbé mi débẹ̀. Níbi tí gbogbo èèyàn ti wọ sùtánà funfun, tí gbogbo wa ti bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó ṣòro láti tọ́ka sí ẹnì kan láti ẹ̀yìn.

Má fi mí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà kan tí àwọn olùkànìyàn ń lọ láti ilé dé ilé, mo gbé ọmọ mi sẹ́yìn àga onítìmùtìmù, àwa méjèèjì sì lúgọ síbẹ̀ títí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn fi lọ. Àna mi ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá là mí lóye pé ìjọba kì í ṣí ìwé yẹn fáráyé rí àfi lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún. Ó rò pé ó dùn mí ni nígbà tí mo mí kanlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìwé ìgbéyàwó kì í dúró de ọgọ́rùn-ún ọdún. Ó ní ẹnikẹ́ni ló lè béèrè fún un. Láti ọjọ́ tó sọ ìyẹn ni oorun ti dá lójú mi. Mo máa ń ti ilẹ̀kùn, mà á dé yàrá, mà á tún padà lọ wò ó. Nínú bọ́ọ̀sì, àga ẹ̀yìn pátápátá ni mò ń jókòó sí kí n lè rí ẹni tó bá wọlé. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù kì í ṣe pé àna mi á mọ̀ pé mo purọ́. Ìwé tó ń fà yọ yẹn ló dà bí okùn lójú mi. Bí ẹnì kan bá ń fà á níhìn-ín, mo ń rò pé ẹni tó wà ní ìdí kejì rẹ̀ á mọ̀ ọ́n lára.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó pè mí. Ó ní kí n wá lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, kí n má mú ọmọ dání.

Nígbà tí mo débẹ̀, ó ti se omi tíì, àwọn ìwé náà sì ti wà lórí tábìlì. Ó ní kí n bọ́ kóòtù mi. Mo ní òtútù ń mú mi. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀.

"Ìyá ìyàwó, mo gbẹ̀bí fún ọgbọ̀n ọdún. Àwọn obìnrin tó sọ fún mi pé àtẹ̀gùn ló gbé àwọn ṣubú, mi ò lè kà wọ́n tán. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ má mú ọmọ wá nìyẹn."

Ó ti ìwé àkọ́kọ́ síwájú mi. Ìwé ìgbéyàwó èmi àti ọkùnrin náà ni, orúkọ tí mo ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ wà níbẹ̀. Ó ní òun wá ìwé ikú rẹ̀ títí, òun kò rí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ló ti ìkejì wá. Ìwé ìgbéyàwó ni òun náà, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí mo sá. Orúkọ ọkùnrin kan náà, iṣẹ́ kan náà, orúkọ bàbá kan náà, àti orúkọ obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí. Níbi tí wọ́n ti béèrè bóyá ọkọ ìyàwó ti gbéyàwó rí, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ti kú ni.

Mo mọ̀, síbẹ̀ mo bi í. "Ta ló kú?"

"Ẹ̀yin ni."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi. Èmi ní ó kú, òun náà ní mo kú, àwa méjèèjì sì ń gbé ìlú kan náà. Kí ẹ̀rín náà tó tán ni òtútù gidi mú mi. Ẹni tó dúró níwájú òṣìṣẹ́ ìjọba tó sì ní mo ti kú, tó bá wá gbọ́ pé mo wà láàyè, kí ló máa ṣe? Tẹ́lẹ̀, ìbínú nìkan ni mo rò pé ó ní sí mi. Àṣé ó tún nídìí mìíràn tí kò fi ní fẹ́ kí n máa mí.

Àna mi kò tíì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó sọ orí kọ́ bí ẹni tó ṣẹ̀. Ó ní kí àwọn ìwé yẹn tó dé, òun ti ṣe ìwádìí náà bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe é. Ìyàwó ìbátan rẹ̀ kan ń ṣe tíṣà ní ìlú ọkọ mi. Ó ti ránṣẹ́ sí i pé kó bá òun mọ irú ìdílé tí olóògbé náà ti wá. Èsì dé ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ó tẹ fóònù rẹ̀, ohùn obìnrin kan sì jáde, ohùn ọlọ́yàyà tí inú rẹ̀ dùn sí iṣẹ́ tí wọ́n rán an.

"Àǹtí mi, ta ló sọ fún yín pé ó ti kú? Ó wà níbí ní Kérésì, òun àti ìyàwó rẹ̀. Ṣé kí n bá yín bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ léèrè?"

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo kàn rí i pé mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà, tí ọwọ́ mi wà lára ilẹ̀kùn, tí mo ń ronú báàgì tí mo máa kọ́kọ́ gbé, bí ẹni pé ọmọ mi ṣì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta. Bí tíṣà yẹn bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n á pe àbúrò, àbúrò á bi ara rẹ̀ pé ta ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń wádìí òun gẹ́gẹ́ bí òkú. Kò ní ju ìpè méjì lọ kó tó dé Longbridge.

Àna mi kò tẹ̀ lé mi. Ó jókòó síbi tó wà. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, ó máa ń ní ẹni tó bá purọ́ sínú ìtàn ìdílé, àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí ló ń purọ́ fún. Mo rí i tó gbé fóònù sẹ́nu, tó sì tún ohùn rẹ̀ ṣe.

"Ìyàwó wa, o ṣeun gan-an. Èmi ni mo ṣì í. Ìlú mìíràn ni ẹni tí mò ń wá ti wá, orúkọ wọn ló jọra. Má wulẹ̀ bi ẹnikẹ́ni o, ojú á tì mí."

Ó gbé fóònù náà sórí tábìlì, mo padà wá jókòó, a sì ń wò ó. Tíì tutù. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń gé koríko ní ilé kejì, tó dáwọ́ dúró, tó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí fóònù náà dún, kò fún mi gbọ́. Ó fi sí etí ara rẹ̀ ná, lẹ́yìn náà ló tún tẹ̀ ẹ́ kí èmi náà gbọ́. Tíṣà náà ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kò sí wàhálà, Àǹtí ti ń dàgbà, ẹ kí àwọn ọmọ.

Àna mi kó àwọn ìwé náà jọ. Ó ní apá bàbá ìyàwó máa wà ní òfìfo nínú ìwé òun, bí ẹnikẹ́ni bá sì béèrè, òun á ní ìwé wọn jóná ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wá wò mí lókè délẹ̀.

"Ẹ bọ́ kóòtù yẹn wàyí. Mi ò tíì rí òkú tó ń làágùn tó báyìí."

Mo bọ́ ọ. Mo gbórí lé tábìlì rẹ̀, mo sì sun ẹkún tí mi ò sun láti ọdún mẹ́tàlélógún.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e ni mo sọ fún ọmọ mi. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ilé ìtajà Vicarage Field, nítorí mo fẹ́ kí èrò pọ̀ yí wa ká. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ní, "Mọ̀mí, mo ti mọ̀ pé kò kú. Èèyàn kì í ti ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta mọ́ òkú." Lẹ́yìn náà ló bi mí ní orúkọ obìnrin kejì yẹn. Mi ò retí rẹ̀. Mo dárúkọ rẹ̀ fún un. Obìnrin yẹn kò mọ̀ pé òkú tí ọkọ òun fi fẹ́ òun ń fọ aṣọ ní Barking. Bóyá inú ilé rẹ̀ dùn, bóyá etí tirẹ̀ náà ti ń dùn ún. Mi ò lè kìlọ̀ fún un kí n má jí dìde lójú ọkùnrin náà, mi ò sì tíì rí ìdáhùn sí i títí di àkókò yìí. Mo máa ń dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà. Mo mọ̀ pé ìyẹn kò tó.

Ìgbéyàwó náà ti kọjá, ó sì dára. Mo ti wá mọ̀ pé ìwé tí mo sá fún jù lọ ló pa mí mọ́. Níwọ̀n ìgbà tí ọkùnrin yẹn bá nílò kí n kú, kò ní jáde wá béèrè mi lójú gbangba. Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn ọ́ pé ẹ̀rù ti lọ. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí nínú bọ́ọ̀sì, ó ṣì ń bà mí bí wọ́n bá kanlẹ̀kùn. Ohun tó yàtọ̀ ni pé fún ọdún mẹ́tàlélógún, bí mi ò bá gbé fóònù, wọ́n á rò pé iṣẹ́ ni mo wà. Ní báyìí, bí ó bá dún lẹ́ẹ̀mejì tí mi ò gbé e, obìnrin àgbàlagbà kan ní Longbridge á ti máa wọ bàtà rẹ̀, á sì máa bọ̀.